Mọ́tọ̀ Kì Í Ṣe Ọkọ̀ Nìkan

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, bí a bá pe mọ́tọ̀, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò. Ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ tó ń jẹ iná mànàmáná ló wà nínú fáànù, bílẹ́ńdà àti fíríìjì wa.

Ti fáànù òkè àjà kò ní búrọ́ọ̀ṣì. Tesla gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí baba ńlá irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1888. Bó bá ń kùn tí kò yí, àfi bí a bá fi igi tì í, kapásítọ̀ ló sábà máa ń kú, kì í ṣe kọ́ìlì. Kí ló dé tí a fi ń sọ ọ́ nù? Bílẹ́ńdà ní búrọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Pípààrọ̀ ni, kì í ṣe òkú.

Ti fíríìjì ló gba ìṣọ́ra jù. Bí iná bá rẹlẹ̀, mọ́tọ̀ rẹ̀ kò ní lè gbéra, yóò máa fa iná ní àfàjù títí yóò fi jó. Ẹ tètè pa á.

Èrò wa ni pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fi ọjọ́ kan là wá lọ́yẹ̀. Owó tí òbí ń fi ránṣẹ́ láti ilé kì í ṣe ti fáànù tuntun lọ́dọọdún.