Níbo Ni Kí Wọ́n Yẹra Lọ?

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé àìmọ̀kan ló ń kó àìsàn bá tálákà. Mi ò gbà. Ẹ wá sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, kí ẹ wo ẹja yíyan tó wà lórí àtẹ, kí ẹ sì bèèrè bí wọ́n ṣe yan án.

Ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó rà á kò bá ní fíríìsà, tàbí tó ní in tí kò sí iná, àfi kó yan án lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbèsè ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ti àgbá tí wọ́n gé sí méjì, ó ń ki igi bọ̀ ọ́, ó ń yí ẹja padà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ń ta á, ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n. Ẹni tó fi ọkọ̀ wá láti Lẹ́kí gbé ẹja lọ, ó fi èéfín sílẹ̀ fún un.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lọ́dún 2020. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó nínú wọn ló ń fi gáàsì dáná?

Wọ́n á ní kí àwọn ìyá wa yẹra fún èéfín. Níbo ni kí wọ́n yẹra lọ? Wọ́n á ní kí wọ́n tètè lọ sílé ìwòsàn. Ní Nàìjíríà, èyí tó ju ìdajì lọ nínú owó ìtọ́jú ń ti àpò aláìsàn jáde. Ọjọ́ tí ìyá bá jókòó de dókítà, kò tajà. Ọjọ́ tí kò bá sì tajà, ilé ò jẹun. Ẹni tó rò ó síwá rò ó sẹ́yìn tó wá ra àgbo kì í ṣe òpè. Ó mọ ìṣirò ju èmi tí mo fẹ́ ṣe é ní WAEC lọ.

Òfin ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ẹ bi àwọn tó ń yan ẹja pé ta ni orúkọ rẹ̀ ti wọ ibẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Láti nǹkan bí 1970 ni wọ́n ti ń lo ààrò alámọ̀ kan ní Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja ní Accra, tí kì í jẹ igi púpọ̀. Ní Thiaroye, ní Senegal, wọ́n tún un ṣe kí èéfín rẹ̀ lè dín kù sí i. Irú rẹ̀ la fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Olúwo, kí ìjọba kọ́ ọ, kí gbogbo wọn jọ máa lò ó. Kí nọ́ọ̀sì sì máa wá bá wọn nídìí àtẹ wọn lọ́jọ́ ọjà.