Ẹ Gbé Ògógóró Sórí Tábìlì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ó ń dùn mí pé níbi àsè Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, wísikí òkèèrè ni à ń tò sórí tábìlì, ògógóró sì wà lábẹ́ àga. Mo tọ́ ọ wò lọ́dún tó kọjá nílé àbúrò bàbá mi. N kò gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ògùrọ̀ ṣì wà níbẹ̀, adùn díẹ̀ tẹ̀ lé e, kí iná tó sọ̀ sí mi láyà. Owó rẹ̀ kò sì gunpá!

Òyìnbó amúnisìn fòfin dè é, ó ń ta jíìnì tirẹ̀ fún wa. Ìtìjú òfin yẹn ni kò tíì tán lára wa. Wales náà wà láìní wísikí fún nǹkan bí 100 ọdún. Ní 2004 wọ́n gbé Penderyn jáde, orúkọ abúlé wọn sì wà lára ìgò.

Lóòótọ́, ní 2015, ọtí tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba sì tún fòfin de ògógóró. Ahọ́n kò lè dá methanol mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àyẹ̀wò àti ìwé àṣẹ fún àwọn tí ń sè é. Àbúrò bàbá mi ní òun ni yóò ra ìgò àkọ́kọ́ tó bá ní òǹtẹ̀.