Ọmọ Ẹni Kì Í Ṣèdí Bẹ̀bẹ̀rẹ̀: Ẹjọ́ Àwa Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Ògùdù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹni tó bá gba àdúgbò wa ní Ògùdù kọjá kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ lọ́wọ́. Etí rẹ̀ yóò gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, àwọn ọ̀dọ́ kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù títí dé ẹnu ọ̀nà, jẹ́sì pupa Arsenal àti jẹ́sì búlúù Chelsea ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò tíì san owó ilé ti san owó ìwòran. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan, nítorí pẹnáritì tí wọ́n gbá ní ìlú tí ìkankan nínú wọn kò dé rí.

Bọ́ọ̀lù mìíràn wà ní òdìkejì ọ̀sà. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Ikorodu City ti gòkè wá sí líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 2024, Pápá Ìṣeré Mobolaji Johnson ní Oníkàn ni wọ́n ti ń gbàlejò. Ẹ ro ọ̀nà náà wò. Kí ará Ìkòròdú tó dé ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní ilé, ó ní láti gba Máìlì 12 àti Kétu, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa bọ́ sórí afárá Third Mainland, kí ó tó sọ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìdíje tí wọ́n pè ní ti ilé, ìrìnàjò ni fún un. Ẹnu ọ̀nà wa ló ń gbà kọjá. Mélòó nínú wa ló ti bá a wọ ọkọ̀ rí? Àwọn àga tó ṣófo ní Oníkàn ni kí ẹ bi.

N ó sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò: ìfẹ́ tí kò lè dìde lórí àga, tí kò lè wọ dánfó, tí òjò kò gbọdọ̀ pa, kì í ṣe ìfẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìfẹ́ àwòrán ni. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwa ti kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ilé wa sí ìdí ọmọ ará London àti ti Manchester. Ọmọ tiwa ń rìn ní ìhòòhò, a sì tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lẹ́wà.

Mo mọ èsì tí ẹ ó kọ́kọ́ fún mi: "Bọ́ọ̀lù ilé kò dùn ún wò." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tí ẹ fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kí a má dúró lọ́dọ̀ àwọn olówó. Lábẹ́ líìgì àgbà wọn, ìpele mẹ́ta mìíràn wà tí àwọn ẹgbẹ́ alákọ̀ọ́ṣẹ́ ti ń díje, kí a tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn ìpele tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ní sáà 2016 sí 2017, Carlisle United àti Plymouth Argyle jọ wà ní ìpele kẹrin. Carlisle wà ní àríwá pátápátá, lẹ́bàá ààlà Scotland. Plymouth wà ní etí òkun gúúsù. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn lé ní 600 kìlómítà, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí Èkó sí Abuja. Síbẹ̀ àwọn kan a jí ní òru, wọn a wọ ọkọ̀, wọn a rin ọ̀nà yẹn lọ, wọn a sì rìn ín bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, láti wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ní Ògùdù kò mọ orúkọ wọn. Ṣé adùn ni wọ́n ń wá lọ? Bó bá ṣe adùn ni, wọn ì bá jókòó sílé kí wọ́n wo Manchester City. Wọ́n lọ nítorí pé tiwọn ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èsì kejì ń bọ̀: "Àṣà òyìnbó nìyẹn." Irọ́ ni. Ẹ bi àwọn bàbá wa. Nígbà tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn bá fẹ́ pàdé Stationery Stores ti Èkó, ìrìnàjò ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dà. Ọkọ̀ a ti Ìbàdàn gbéra wá sí Sùúrùlérè. Ará Èkó náà a sì gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ wo Haruna Ilerika. Lẹ́yìn irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Mudá Lawal fi gba Ife-Ẹ̀yẹ Àwọn Agbafe ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1992, Shooting Stars tún gba ife CAF àkọ́kọ́; wọ́n fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Nakivubo Villa ti Uganda ní Ìbàdàn. Kò sí òyìnbó tó kọ́ àwọn bàbá wa ní ohun tí wọ́n ṣe. Àwa ọmọ wọn ni a gbàgbé rẹ̀.

N kò ní purọ́ pé ẹ̀bi àwa nìkan ni. Ọ̀nà wa kò dára. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, àwọn olè agbébọn dá ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Kano Pillars lọ́nà nígbà tí wọ́n ń lọ sí Owerri, márùn-ún nínú wọn sì fara gbọta. Bí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá rin ìrìn àlàáfíà, ta ni yóò sọ fún alátìlẹ́yìn pé kí ó tẹ̀ lé e? Ẹni tó bá tún dé pápá àwọn ẹlòmíràn lè pàdé òkò àti igi. Gómìnà ló sì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń jẹun, wọn kò bìkítà bóyá èèyàn wá tàbí èèyàn kò wá. Àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí tọ́, àwọn aláṣẹ líìgì ni yóò sì dáhùn wọn: kí wọ́n ya apá kan pápá sọ́tọ̀ fún àlejò, kí ọlọ́pàá sì sin wọ́n wọlé, kí wọ́n sin wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀nà Owerri ṣe àwáwí fún mi láti Ògùdù sí Oníkàn. Afárá kan ló wà láàárín. Ojoojúmọ́ la ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tó yẹ kí a kọ́ lára Stationery Stores. Ẹgbẹ́ yẹn kò ṣàìní olólùfẹ́. Òun ló gba líìgì ilẹ̀ wa lọ́dún 1992. Síbẹ̀ ó ti pòórá láàárín àwọn ẹgbẹ́ àgbà, nítorí pé àwọn tó ń kígbe fún un kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ti Wimbledon ní London ṣe rí. Lọ́dún 2002, wọ́n fún àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà láṣẹ láti gbé e lọ sí Milton Keynes. Àwọn alátìlẹ́yìn kò tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, AFC Wimbledon, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kẹsàn-án, wọ́n ń tẹ̀ lé e láti pápá kékeré kan dé òmíràn. Ní 2011, wọ́n ti padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ alákọ̀ọ́ṣẹ́; ní 2020, wọ́n padà sí àdúgbò wọn ní Plough Lane. Ẹni tó bá rin ìrìnàjò pẹ̀lú ẹgbẹ́ nígbà tó wà nílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ló ni ín.

Èkó náà ti rí ìdánwò tirẹ̀. Sporting Lagos, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2022, kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Oníkàn tòun ti orin àti ijó. Ó gòkè lọ́dún 2023, ó sì já wálẹ̀ lọ́dún 2024. Ọjọ́ tó já wálẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò lè nífẹ̀ẹ́ ẹni tó ń borí?

N kò ní kí ẹnikẹ́ni dáná sun jẹ́sì Arsenal rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí àwa ará Ògùdù, Kétu àti Máìlì 12 kó ara wa jọ, kí a háyà bọ́ọ̀sì kan, kí a gun afárá lọ wo àwọn aládùúgbò wa. Kí àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà sì ṣílẹ̀kùn fún wa láti di ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́, tó ní ìbò àti ohùn. Àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ eléruku ní àdúgbò wa ń wò wá. Wọ́n ti rí i pé a lè sunkún nítorí London. Wọn kò tíì rí ọjọ́ kan tí a dìde nílẹ̀ nítorí ọmọ ilé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ pápá Oníkàn lọ́la, ojú ta ni yóò kọ́kọ́ wá láàárín èrò, ojú ta ni yóò sì rí?