Iná Tí A Ó Gbé Lọ sí Ọdún

Láti ìgbà tí ìwé wa tó kọjá ti jáde, ohun tí àwọn èèyàn ń bi mí jù lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ odù. Wọ́n ń bi mí pé, "Bàbá, sítóòfù wo ni ká gbé lọ sí Òṣogbo lọ́tẹ̀ yìí?" Ìbéèrè náà kéré lójú, àmọ́ ẹni tó bá wà pẹ̀lú wa lọ́dún tó kọjá mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì la fi lọ láti Ìgàndò. Èmi fúnra mi ni mo ní ká gbé àdògán eléèédú dání, torí ó ti mọ́ mi lára. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, òjò dé. Omi tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun kan wà lórí iná níta, kò tíì hó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi gbé àdògán náà wọ yàrá, ó sì ti fèrèsé kí òjò má baà wọlé. Ó rò pé òun ń ṣe dáadáa ni. Èédú náà ti pọ́n, kò rú èéfín rárá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá ọmọ fi ní orí ń fọ́ òun, ó ní èébì ń gbé òun. Bó ṣe ní kí òun dìde, ó ṣubú lulẹ̀. Ìyàwó mi ló pariwo pé, "Ẹ ṣílẹ̀kùn o!" A gbé ìyá àti ọmọ jáde sínú òjò, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ yẹn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè, ayé ò yọ̀ wá, àwọn méjèèjì wà láàyè.

Afẹ́fẹ́ olóró tó fẹ́ pa wọ́n yẹn, carbon monoxide ni òyìnbó ń pè é. Ojú kì í rí i, imú kì í gbóòórùn rẹ̀. Tí èèyàn bá fà á símú, yóò gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Èédú tó pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín, ń tú u jáde síbẹ̀síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tú u jáde. Nítorí náà, òfin kìíní nìyí: èédú kò gbọdọ̀ wọ yàrá, òjò ì báà rọ̀, òtútù ì báà mú. Ẹ̀bi ọjọ́ yẹn, èmi ni mo jẹ ẹ́, kì í ṣe ọmọ náà. Mo kọ́ ọ ní odù, n kò kọ́ ọ ní èyí.

Nígbà tí a padà dé ilé, ìyàwó mi ní òun àti èédú kò jọ rin ìrìn àjò mọ́. Mo ní ká padà sí sítóòfù kẹrosíìnì. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sí ọjà Ìkòtún kẹ́ ẹ fojú ara yín wò ó." Mo sì lọ. Oríṣi mẹ́ta ni mo rí tó ṣeé gbé rìn.

Èkíní ni sítóòfù kẹrosíìnì olówùú, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ó lágbára, ó sì dúró dáadáa lórí ilẹ̀. Àmọ́ ó ń fi dúdú pa ìdí ìkòkò, epo rẹ̀ ń dà sínú ẹrù, kò sì yára. Èyí tó burú jù ni pé tí wọ́n bá ti fi bẹntiróòlù lú epo náà, ó lè gbiná mọ́ èèyàn lójú. Ẹni tó bá sì ń lò ó, kó má ṣe bu epo sí i nígbà tí iná wà lára rẹ̀.

Èkejì ni sítóòfù pẹlẹbẹ tó ń wà nínú àpótí bíi ti oníbíríkì, tí wọ́n ń ki agolo gáàsì kékeré sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rẹwà, ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n agolo yẹn kì í ṣe ohun tí à ń rọ gáàsì sí lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ìkòkò ńlá kò sì yẹ ẹ́, torí tí ìdí ìkòkò bá fẹ̀ dé orí agolo, ooru yóò padà sórí agolo, ó sì lè bú. Ẹ sì mọ̀ pé ìkòkò tiwa kì í kéré.

Ẹ̀kẹta ni kámpù gáàsì, sílíńdà kékeré oníkílò 3 tí wọ́n ń de ojú iná mọ́ lórí, tí kò ní rọ́bà. Èyí ni a rà. Mo dán an wò ní àgbàlá wa: omi lítà 2 hó láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sítóòfù kẹrosíìnì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìlọ́po méjì ìyẹn. Nígbà tí atẹ́gùn dé, gáàsì náà falẹ̀, mo bá fi páánù gbá a yí ká lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Apá kan ṣoṣo ni o, ẹ má fi páánù yí sílíńdà ká pátápátá, kó má baà gbóná. Ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò, gáàsì yóò pẹ́.

Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó ga, ó sì lè dojú dé. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ má gbé ju ìkòkò lítà 3 lọ lé e, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ara sílíńdà, wọ́n tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí i lára. Tẹ́ ẹ bá ń rọ gáàsì, ẹ fi ìwọ̀n yẹn kún kílò tẹ́ ẹ sanwó fún, kẹ́ ẹ wo òṣùwọ̀n fúnra yín. Ẹ wo wáṣà inú ojú iná, kó má ti gbẹ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dè é, ẹ fi ìfòfó ọṣẹ pa ibi ìdè náà; tó bá ń hó, gáàsì ń jò nìyẹn, ẹ má ṣáná. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń rìn. Àwa ará Àlímọ̀ṣọ́ kò níláti gbọ́ èyí lẹ́nu àlejò. A kò tíì gbàgbé ohun tí gáàsì ṣe ní Bàrúwà ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ẹ má gbé sílíńdà tó kún sínú bọ́ọ̀sì èrò. Òfìfo la ó gbé lọ, kọ́ọ̀kì rẹ̀ ní títì pa, a ó sì rọ gáàsì ní Òṣogbo.

Ẹnì kan bi mí bóyá gáàsì kò ní ba ètùtù jẹ́. Iná tí Òrìṣà bá ní ká fi igi dá, igi la ó fi dá a. Iná omi mímu àti omi ìwẹ̀ ni mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló wúwo jù. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 2005, odò tó gba inú rẹ̀ kọjá kò rí bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ omi náà di pupa. Lọ́dún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu ún. Àwọn kan nínú wa ní àwọn yóò sè é ni. Ẹ gbọ́ mi o: omi tó bá hó kùù fún ìṣẹ́jú kan, kòkòrò onígbáméjì àti ti taifọ́ọ̀dù yóò kú. Àmọ́ májèlé bí òjé àti mẹ́kúrì kì í bá ooru lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ ni ohun tó kù ń ki sí i. Kò sí sítóòfù tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn ìyá wa tó jẹ́ pé omi Ọ̀ṣun ni wọ́n fi wo ọmọ wọn yè. Ó dun èmi náà. Ẹ jẹ́ ká fi omi náà ṣe ìwúre, ká kí Yèyé tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n omi tí a ó mu, tí a ó fún ọmọ mu, ẹ jẹ́ ká gbé e láti ilé, ká sì sè é lórí iná tiwa. Yèyé tó ń fún ni lọ́mọ kò ní bínú sí ẹni tó dáàbò bo ọmọ náà. Ẹni tó ba odò jẹ́ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ìyá àti ọmọ ọjọ́ yẹn yóò bá wa lọ lọ́dún yìí. Ọmọ náà ti ń rìn. Ìyàwó mi ni yóò mójú tó iná. Èmi, mo ti fà á lé e lọ́wọ́.

Ká lọ ire, ká bọ̀ ire. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.