Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọdé Mọ Májèlé Lórúkọ

Tibi tire ni a dá ilé ayé. Òwe yìí sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé-ẹ̀kọ́ wa sọ pé kò yẹ kí olùkọ́ dárúkọ ewé tàbí gbòǹgbò olóró fún ọmọdé, kí wọn má baà fi ṣe ibi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ewéko kan tí ó ń hù lórí òkè ni mo sì pè ní ẹlẹ́rìí.

Aconite ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Orí àwọn òkè tútù ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ni ibùgbé rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ aró rí bí fìlà tí a fà bo ojú. Oró inú gbòǹgbò rẹ̀ a máa da ọkàn rú nínú lílù rẹ̀, títí yóò fi dákẹ́. Mílígíráàmù 2 péré lè pa àgbàlagbà.

Láyé ọjọ́un, àwọn ẹ̀yà Ainu ní àríwá Jàpáànì a máa fi í sí ọfà láti pa béárì. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà ti ń fi í wo ìrora láti ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ sè é pẹ́ títí, nítorí iná ni ó ń ṣẹ́ agbára oró náà. Àwọn ìyá wa náà mọ irú ọgbọ́n yìí: gbágùúdá kíkorò ní májèlé, rírin àti yíyan ni ó ń sọ ọ́ di gàrí tí a ń mu.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àìmọ̀. Ní 1856, ní ìlú Dingwall ní Scotland, wọ́n rán ìránṣẹ́ kan sínú ọgbà pé kí ó hú gbòǹgbò kan tí ó ń ta lẹ́nu wá, èyí tí wọ́n fi ń jẹ ẹran. Aconite ni ó hú wá. Ẹni 3 kú nídìí oúnjẹ náà, àlùfáà 2 sì wà nínú wọn. Ìránṣẹ́ náà kò gbèrò ibi. Kò mọ ìyàtọ̀ ni.

Òótọ́ ni pé ìkà lè ní ìmọ̀. Oníṣègùn George Lamson fi oró yìí pa àbúrò ìyàwó rẹ̀ nítorí ogún. Ó rò pé kò sí ẹni tí yóò rí i nínú òkú; ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ó tú u fó, wọ́n sì so ó rọ̀ ní London ní 1882.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ ti wá, ilẹ̀ yín kò ṣàìní gbòǹgbò olóró tirẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ fi í han àwọn ọmọ, kí ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ń ṣe. Ohun tí a bá fi pamọ́ fún ọmọ nínú ilé-ẹ̀kọ́, inú igbó ni yóò ti bá a pàdé.