Gina Prince-Bythewood gbé Dàhòmì dé Hollywood, ta ni yóò gbé Kétu débẹ̀?

Òru ni fíìmù náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan jókòó ti iná ní abúlé, koríko gíga wà níwájú wọn. Lójijì, òṣèré Viola Davis yọ láàárín koríko, ohun ìjà lọ́wọ́, ojú le koko. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì ti dìde lẹ́yìn rẹ̀, ogun ti bẹ́. Bí The Woman King ṣe gbá òǹwòran mú nìyẹn nígbà tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022.

Gina Prince-Bythewood, ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé nídìí iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, bí ará Pobẹ̀ tàbí ará Sakété, àwọn ìlú Yorùbá ní Benin, bá wò ó tán, ọ̀rọ̀ á kù sí i nínú. Nínú fíìmù náà, Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá, Dàhòmì ni olùgbàlà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, John Boyega, ló ṣe Ghezo ọba Dàhòmì; ọmọ Yorùbá mìíràn, Jimmy Odukoya, ló ṣe balógun Ọ̀yọ́ tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ kórìíra.

Ọdún 1969 ni wọ́n bí Prince-Bythewood. Ọmọ ìkókó ni nígbà tí tọkọtaya kan gbà á tọ́, ìlú Pacific Grove ní California ló sì dàgbà sí. Eléré ìdárayá ni. Nígbà tó fẹ́ wọ ẹ̀ka fíìmù ní yunifásítì UCLA, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́; ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibẹ̀, wọ́n sì gbà á. Àìgbà fún ìjákulẹ̀ yìí ló ń bá a kiri. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló kọ ìwé eré Love & Basketball sílẹ̀ kí olùdarí fíìmù Spike Lee tó dúró tì í, tí fíìmù náà fi jáde ní ọdún 2000. Ó ṣe The Secret Life of Bees ní 2008 àti Beyond the Lights ní 2014. Ní 2020, The Old Guard sọ ọ́ di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fíìmù ńlá láti inú ìwé akọni aláwòrán lé lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 dọ́là fún The Woman King. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya á, owó tó pa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 100. Ẹ̀tọ́ ni kí a yìn ín. Obìnrin dúdú ló dúró láàárín gbùngbùn fíìmù náà, tí kì í ṣe ìránṣẹ́, tí kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìtàn gidi kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Dàhòmì sanwó ìsìn fún Ọ̀yọ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, Ghezo sì já ara rẹ̀ gbà ní 1823. Àmọ́ Francisco Félix de Souza, ògbóǹtarìgì oníṣòwò ẹrú tó wá láti Brazil sí Ouidah, ló ràn án lọ́wọ́ tó fi gorí oyè ní 1818, òwò ẹrú kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà. Fíìmù ní epo pupa ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹrú. Epo wá lóòótọ́. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni Pobẹ̀ títí dòní, ibẹ̀ ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922 wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni epo àti ẹrú fi jọ gba èbúté kan náà lọ, ẹrú, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ Dàhòmì.

Ní 1851 àti 1864, ogun Dàhòmì dé ẹsẹ̀ odi Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Kétu, ìlú Yorùbá mìíràn, kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Glele, ọmọ Ghezo, kọlù ú ní 1883. Nígbà tó padà wá ní 1886, ó dó ti ìlú náà títí tó fi bọ́ sí i lọ́wọ́; wọ́n jó o, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lọ. Ó di ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì kí àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún Kétu tẹ̀ dó.

Kossola náà jẹ́rìí sí ohun tí Dàhòmì ṣe ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin elédè Yorùbá ni nígbà tí ogun Dàhòmì ká wọn mọ́lé ní àfẹ̀mọ́jú ní 1860, tí àwọn obìnrin ajagun wà lára àwọn tó ń pa èèyàn. Wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e lọ sí Alabama. Ó dàgbà di arúgbó kó tó ro ẹjọ́ náà fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston, ìwé tó fi kọ ọ́, Barracoon, kò sì jáde títí di 2018.

Kò yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru obìnrin ará Amẹ́ríkà kan. Maria Bello, òṣèré tó ṣàbẹ̀wò sí Benin, ló mú èrò fíìmù náà wá. Àlejò tó bá sì dé Benin, Àgbómẹ́, olú ìlú Dàhòmì àtijọ́, ni wọ́n máa ń mú un lọ. Ààfin ibẹ̀ wà nínú ìwé UNESCO láti 1985. Ní oṣù keje 2022, ère obìnrin ajagun tó ga tó mítà 30 dìde ní Kútọnù. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ ká gbé òun: Àgbómẹ́ káwọ́ sókè, Hollywood sì gbé e.

Ó yẹ kí ẹkùn Plateau, níbi tí Pobẹ̀, Sakété àti Kétu wà, náà káwọ́ sókè. Àìsí ohun èlò kì í ṣe àwáwí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn The Woman King ni Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde, ó fi èdè Yorùbá sọ ìtàn Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní Benin níbí, François Okioh ti fún fíìmù rẹ̀ ní orúkọ Yorùbá, Ìrònú, láti 1985. Ìtàn sì kún ilẹ̀: àwọn Ọ̀họ̀rí inú àbàtà ìtòsí Pobẹ̀ nìkan tó fíìmù kan, àwọn tó kojú Faransé ní 1914 àti 1915.

Prince-Bythewood tún ti padà sọ́dọ̀ Yorùbá. Òun ló darí Children of Blood and Bone, láti inú ìwé Tomi Adeyemi tó kún fún òrìṣà wa, wọ́n sì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027 ni yóò jáde. Gbogbo ayé yóò tún máa béèrè ta ni Yorùbá. Kí ìdáhùn má wá láti California nìkan. Àwọn kọ́múùnù Plateau lè fi owó kékeré ran àwọn ọ̀dọ́ tó ní kámẹ́rà lọ́wọ́ nísinsìnyí, nígbà tí àwọn àgbà tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu bàbá wọn ṣì wà láyé.

Ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ wá gba Sakété, ó gba Pobẹ̀, ó já sí Kétu, níbi tí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ṣì wà ní ìdúró. Ibẹ̀ ni kí kámẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ogun Glele máa yọ láàárín koríko, bí Prince-Bythewood ṣe fi hàn wá gan-an, ṣùgbọ́n kí a máa wò wọ́n láti inú odi, lẹ́yìn àwọn tó ń sáré ti ilẹ̀kùn.