Ìbọn Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá: Ta Ni Yóò Ka Ọta?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti gba ẹnu àwọn ènìyàn ní ọjà, ní ibùdókọ̀ àti ní àgbàlá ọba láti bí ọdún mélòó kan wá, tí a kò sì tíì rí ẹni tí ó parí rẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, njẹ́ ó yẹ kí a fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní irú ìbọn tí ọlọ́pàá Ìjọba Àpapọ̀ ń gbé kọ́ èjìká, tàbí kí a fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà àti ìbọn ọdẹ? Àwọn kan wí pé bí a kò bá fún wọn, ẹnu ikú ni a ń rán wọn lọ. Àwọn mìíràn wí pé bí a bá fún wọn, àwa ará ilé ni wọn yóò kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ. Àwa kò pe ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn méjèèjì ní òmùgọ̀, nítorí ẹ̀rù tí ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ojú àlá. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa kí ẹ fi sùúrù bá wa lọ, kí a gbé ọ̀ràn náà wò láti ìdí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Ọlọ́pàá ni àwọn baba wa pe òṣìṣẹ́ yìí, èyíinì ni ẹni tí ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Wọn kò pè é ní oníbọn. Bí ènìyàn bá fi orúkọ nìkan ṣe ìdájọ́, yóò rò pé kùmọ̀ ni iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, àti pé ẹ̀yìn ni ìbọn dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, nínú ọdún kan náà ni wọ́n sì kó ẹ̀ṣọ́ bí 30 jọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ yìí fi di ẹgbẹ́ àwọn Haúsá tí ń ru ìbọn, àwọn tí Glover, ẹni tí ará Èkó ń pè ní Gólóbà, fi ṣe agbára rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí ní ilẹ̀ òkè, tí ó sì sá wá sí Èkó. Ní 1879 òfin sọ wọ́n di ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 1,200. Ó di ọdún 1896 kí a tó dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì di 1930 kí a tó so ti Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ di ọ̀kan.

Ẹ wá wo ohun tí ó yani lẹ́nu. Ní London, ní ilé àwọn tí ó gbé ìbọn yìí wá fún wa, wọ́n ti dá ọlọ́pàá tiwọn sílẹ̀ láti ọdún 1829 lábẹ́ Sir Robert Peel. Kùmọ̀ ni wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́, nítorí ará London kò fẹ́ rí ohun tí ó jọ ọmọ ogun ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Títí di òní, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ru ìbọn bí wọ́n bá ń rìn kiri ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá àpẹẹrẹ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà, ti Ireland ni wọ́n mú, níbi tí ọlọ́pàá ti ń gbé inú bárékè bí ọmọ ogun pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Ọ̀pá fún ọmọ ilé, ìbọn fún ọmọ ìta. A kò sọ èyí láti bá òkú jà. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe nítorí olè ni a ṣe kọ́kọ́ fi ìbọn sí ọlọ́pàá wa lọ́wọ́. Ará ìlú ni a dojú rẹ̀ kọ, àlejò ni a sì wá kiri láti fi í lé lọ́wọ́, kí ó má baà ṣàánú onílé.

Àpẹẹrẹ kan tí ó korò ni ti Enugu. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí àwọn awakùsà èédú ń bá àwọn ọ̀gá wọn fa ọ̀rọ̀ owó, ọlọ́pàá lọ sí ibi ìwakùsà ní Iva Valley láti kó ẹ̀tù tí a fi ń fọ́ àpáta kúrò níbẹ̀. Àwọn awakùsà náà kò mú ìbọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó tí ó ṣáájú pàṣẹ kí a yìnbọn, ènìyàn 21 sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà wí pé àṣìṣe ni ọ̀gá náà ṣe nínú ìdájọ́ rẹ̀. Àṣìṣe! Ẹni tí ó mú kùmọ̀ lọ́wọ́ lè ṣe àṣìṣe, kí ó sì wá tọrọ àforíjì ní ọjọ́ kejì.

Ẹnìkan yóò dáhùn pé, ó dára, nígbà tí ó jẹ́ pé àlejò ni ó fa ibi, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú máa ṣọ́ ìlú rẹ̀. A ti dán èyí náà wò rí. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín àti ní òkè Ọya, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ọlọ́pàá tiwọn. Wọ́n mọ ọ̀nà oko, wọ́n mọ ilé olè, wọ́n sì gbọ́ èdè ẹni tí wọ́n ń mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà àwọn òṣèlú gbóná ní Ìwọ̀-Oòrùn láti 1962 títí dé 1966, ẹ̀sùn tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé ẹgbẹ́ tí ó bá wà lórí àga ni ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún, tí wọ́n sì ń fi ojú àwọn alátakò rí màbo. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, a kó wọn mọ́ ọlọ́pàá Ìjọba Àpapọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a kò fi gbúròó wọn mọ́. Nígbà tí a sì kọ Ìwé Òfin ọdún 1999, abala 214 rẹ̀ fi lélẹ̀ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ń wí pé ọmọ wa kò lè pa wá, ẹ rántí pé àlejò kì í mọ ẹni tí ìbá ṣàánú, ṣùgbọ́n onílé mọ ẹni tí ó fẹ́ gbẹ̀san lára rẹ̀. Ìjà ilẹ̀ wà, ìjà oyè wà, ìbò sì ń bọ̀ ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin.

Síbẹ̀ a kò lè fi ìtàn di etí wa sí igbe tí ń ti ojú ọ̀nà wá. Ìbàdàn ni a ti ṣí Amọ̀tẹ́kùn ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ní orúkọ ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà Ìjọba Àpapọ̀ fi wí pé kò bófin mu, kí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó fi òfin tiwọn gbé e ró. Lẹ́yìn náà ni ti Ọ̀wọ̀ ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St Francis, wọ́n sì pa ènìyàn bí 40. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Gómìnà Oǹdó, olóògbé Rotimi Akeredolu, fi ohùn líle bèèrè ìdí tí a fi rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Katsina tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń lo AK-47, tí a sì ń wí fún Amọ̀tẹ́kùn pé èèwọ̀ ni. Èsì tí ó ti Abuja wá ni pé a kò fún ìpínlẹ̀ kankan ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Òfin Ìbọn ti 1959 ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: irú ìbọn tí àwọn ológun ń lò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in láìjẹ́ pé olórí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, ìbọn ọdẹ ni ó kù. Àwa kò ní fi àwọn ọdẹ wa ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọkàn wọn kì í ṣe ọkàn ojo. Ṣùgbọ́n kí oníṣakabùlà tó ki ẹ̀tù lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó fara pamọ́ sínú igbó pẹ̀lú AK-47 ti lè tú ọta 30 dà sí i lára.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn ṣakabùlà yìí tí a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà. Àwọn tí ẹ̀rù ìbọn ńlá ń bà rò pé ṣakabùlà kò léwu tó bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú. Àwa rò pé ó léwu ní ọ̀nà mìíràn. Ọwọ́ ni a fi ń bu ẹ̀tù sí i, ọwọ́ ni a sì fi ń ki ọta sí i. Ta ni ó lè ka ẹ̀tù? Bí ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta bá jáde lóru, tí a sì bá òkú ní òwúrọ̀, kò sí ìwé tí yóò sọ ẹni tí ó yìnbọn, kò sì sí èèpo ọta tí ó já bọ́ sílẹ̀ tí a ó fi wé ẹnu ìbọn. Ìbọn ìjọba ní nọ́ńbà lára, ọta rẹ̀ sì ṣeé kà. Ó lè pani jù, ṣùgbọ́n ó ṣeé jẹ́rìí sí, bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ kí ó jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti Ajah wá. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá kan yìnbọn sí inú ọkọ̀ kan ní Ajah ní Èkó, ó sì pa agbẹjọ́rò obìnrin kan, aboyún, tí ó jókòó sínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. A gbé ọlọ́pàá náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Èkó. Níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kan, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá, ti sọ pé ọta 25 ni a kà fún ọkùnrin náà kí ó tó jáde, àti pé nígbà tí a tún wọn kà, méjì dín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, adájọ́ dá a lẹ́bi, ó sì dá ikú fún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ń sunkún òkú irú èyí láìrí ẹni dá lẹ́jọ́. Ní tòótọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ri ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mélòó ni wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí tí a sì ní kí wọ́n lọ sí ilé wọn? Ìwé tí a kọ ní ilé ìbọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó kú, ni kò ṣeé bá jiyàn.

Ẹ wá fi èyí wé ẹ̀ka tí a ń pè ní SARS, èyí tí ìjọba tú ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2020 nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dà sí ìgboro. A dá wọn sílẹ̀ láti bá adigunjalè jà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń rìn láìwọ aṣọ iṣẹ́, láìsí orúkọ láyà, nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ní. Ẹni tí wọ́n dá dúró kò mọ̀ bóyá ọlọ́pàá ni wọ́n tàbí olè, bí ó bá sì mọ̀, kò mọ orúkọ tí yóò sọ ní àgọ́. Ti owó ẹ̀gúnjẹ kò gba àlàyé. Gbogbo ẹni tí ó bá ti kó ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Èkó rí mọ iye rẹ̀ jù wá lọ.

Òfin tí ó wà nílẹ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, àṣẹ kan tí ó jẹ́ ti 237 nínú àwọn àṣẹ ọlọ́pàá gbà kí ọlọ́pàá yìnbọn sí ẹni tí ń sá fún ìmúni, bí ẹ̀sùn tí a fi kàn án bá jẹ́ irú èyí tí a lè torí rẹ̀ pa á tàbí kí a fi í sẹ́wọ̀n ọdún méje sí òkè. A ti tún àṣẹ náà kọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ti fi í ṣe ìwà. Ọlọ́pàá wo ni ó lè dúró lójú títì kí ó ṣírò ọdún ẹ̀wọ̀n ẹni tí ń sáré? Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí ní Havana ní ilẹ̀ Kúbà ní 1990 mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ọlọ́pàá má mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbọn gba ẹ̀mí àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá láti gba ẹ̀mí là.

Èrò tiwa nìyí, a kò sì fi bò. Ẹ̀ṣọ́ tí a rán lọ sínú igbó láti lé ajínigbé yẹ kí ó ní ìbọn tí ó lè dáhùn. Ẹ̀ṣọ́ tí ń rìn ní ọjà, tàbí tí a mú lọ sí ìpàdé òṣèlú, kò nílò rẹ̀. Kùmọ̀ tó o. Kí ó tó di pé a ra ìbọn kan ṣoṣo, kí a kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni méjì ni yóò máa ka ọta jáde, tí wọn yóò sì máa kà á wọlé, kí orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ sì hàn ní àyà rẹ̀. Kí ìwé náà má sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ nìkan, nítorí ọ̀gá náà jẹ́ ẹni tí gómìnà yàn. Kí ẹ̀dà rẹ̀ máa dé ọwọ́ adájọ́ ní oṣooṣù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kú, kí ìwádìí ikú bẹ̀rẹ̀ láìdúró de àwọn ará ilé òkú. Èkó ti ní òfin fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2007.

Àwọn aṣòfin yóò wí pé owó ni yóò gbà àti pé àyè kò sí. Ìwé àti gègé kò wọ́n tó ìbọn. Nígbà tí ẹni tí ẹ dìbò fún bá tún wá sí àdúgbò yín láti sọ iye ìbọn tí òun fẹ́ rà, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò máa ka ọta, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dárúkọ rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀.